Ìbéèrè Ẹ̀yin Onílé: Dúdú Ara Ògiri àti Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Agbára Tu Omi

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáwọ́ dúró ni lẹ́tà ti ń wọlé sí wa lórí ọ̀ràn kan náà: ògiri tó dúdú, àgbàlá tó ń yọ̀, òrùlé tí nǹkan hù lé lórí. Kò yà mí lẹ́nu. Nǹkan bí oṣù méje ni òjò fi lu àwọn ilé wa, ọdún sì ń bọ̀ lọ́nà, ìgbà tí olúkúlùkù máa ń fẹ́ kí iwájú ilé òun ṣeé fi gba àlejò. Ìgbà yìí kan náà ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ilé máa ń ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Mo mú méje nínú àwọn lẹ́tà náà, mo sì gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 2021 ni mo kó sínú ilé mi ní Ìbàdàn, ọ̀dà olómi ni a sì fi kun ìta rẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ti dúdú láti abẹ́ fèrèsé títí dé ilẹ̀. Ọmọ àbúrò mi tó ń fọ mọ́tò ní òun yóò gbé ẹ̀rọ òun wá, pé kò ní ju wákàtí méjì lọ tí gbogbo rẹ̀ yóò fi mọ́. Ìyàwó mi ní kí n má dán an wò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? – Onílé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Alàgbà, tìyàwó yín ni kí ẹ gbọ́. Ọmọ náà kò purọ́ o. Ẹ̀rọ rẹ̀ yóò mú dúdú náà kúrò. Ohun mìíràn tí yóò mú kúrò pẹ̀lú rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a fi agbára omi tí ẹ ti mọ̀ wé èyí tí ẹ kò tíì mọ̀. Báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì. Bí ẹ bá gbé táńkì sórí òpó tó ga ní mítà 6, omi tó ń ti inú rẹ̀ dé ẹnu ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ kò tó báà kan rárá. Ó kàn lé díẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tà fún ìlò inú ilé ń tu omi jáde ní 100 sí 150 báà, ti àwọn tó ń fọ mọ́tò sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà púpọ̀. Ìyẹn ju ìlọ́po 150 agbára omi tí ẹ fi ń wẹ̀ lọ. Mọ́tò lè gbà á mọ́ra, nítorí pé irin ni, iná ni wọ́n sì fi yan ọ̀dà mọ́ ọn lára ní ilé iṣẹ́. Ògiri yín ńkọ́? Búlọ́ọ̀kù ni, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti yanrìn rẹ́, tí wọ́n wá fi ọ̀dà tí kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ bò.

Mo ti dúró wo irú iṣẹ́ yìí rí ní àdúgbò kan nínú ìlú yín níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó di ọ̀pá ẹ̀rọ mú sún ẹnu rẹ̀ mọ́ ògiri débi pé ìka mẹ́rin péré ló lè gba àárín wọn. Ìlà kan yọ lójú dúdú náà, ó mọ́ kedere, inú onílé sì dùn. Nígbà tó yá, ó dé abẹ́ fèrèsé, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti sán tínrín tẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Omi wọ ibi tó sán náà, ègé tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ já bọ́ lulẹ̀, yanrìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́yìn rẹ̀ bí gàrí tó ń dà láti inú àpò tó ya. Ẹni tó pe ọ̀dọ́kùnrin náà wá fọ ilé fún òun tún ní láti pe bíríkìlà, kó sì tún pe akunlé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí dúdú náà jẹ́. Ẹ fi òwú díẹ̀ rin bílíìṣì, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Jik tàbí Hypo láìka ẹni tó ṣe é sí, kí ẹ sì tẹ òwú náà mọ́ ojú kan lára ògiri. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ohun alààyè ló wà níbẹ̀, ìbátan ohun tó máa ń hù sí ara búrẹ́dì tó bá bu. Bí kò bá yí padà, eruku ọyẹ́ ni, tàbí èéfín jẹnẹrétọ̀, omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ sì tó fún un. Láti inú ohun tí ẹ ṣàlàyé, pé ibi tí oòrùn kì í dé ló dúdú, mo gbà pé ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ̀rọ ń gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ni, bí ẹni fi àdá ṣán koríko. Ohun tó kù sínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ọ̀dà yóò tún hù nígbà tí òjò bá padà dé. Bílíìṣì ló ń pa á.

Ẹ da ìwọ̀n bílíìṣì kan pọ̀ mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́ta, kí ẹ sì fi ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i kí ó má baà tètè ṣàn kúrò lára ògiri. Irú pọ́ǹpù tí àwọn àgbẹ̀ máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fi fọ́n oògùn sí kòkó dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, bí ó bá jẹ́ tuntun. Ẹ má ṣe lo èyí tí wọ́n ti fi fọ́n oògùn apakoríko rí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rin àwọn òdòdó àti ewébẹ̀ tó wà nítòsí, ẹ fi ọ̀rá bo ojú iná àti ibi tí wáyà ti jáde, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ohun tó bo ojú. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa fọ́n ọn lọ sókè, nítorí pé bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá ṣàn wálẹ̀ sára ibi tó gbẹ yóò fi ipa sílẹ̀ bí omijé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi họ́ọ̀sì lásán ṣàn án kúrò, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, kì í ṣe ọ̀sán gangan.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri náà. Bí ọwọ́ yín bá funfun bí ẹni fọwọ́ kan ẹfun, ọ̀dà náà ti kú, kíkùn ló kàn. Ẹ sì wá ìdí tí ibẹ̀ fi ń tutù: bóyá ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé ló ń ta sí i lára, bóyá igi ló ṣíji bò ó, bóyá omi ẹ̀rọ amúlétutù ló ń kán síbẹ̀. Bí ẹ kò bá wá nǹkan ṣe sí èyí, ẹ óò tún máa pọn omi ní ọdún méjì sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi da bílíìṣì pọ̀ mọ́ asíìdì tí àwọn tó tẹ́ táìsì fún wa fi sílẹ̀, ó ní kí ó lè lágbára tí yóò fi jẹ ìdọ̀tí ojú àgbàlá. Kò tíì dà á sílẹ̀ tán tí ikọ́ fi gbé e, ojú sì ń ta á fún odindi ọjọ́ kan. Ṣé bílíìṣì náà ló bàjẹ́ ni? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìta gbangba ni ó ti dà á. Bílíìṣì náà kò bàjẹ́, ìyá wa. Bí bílíìṣì bá ti pàdé asíìdì, afẹ́fẹ́ olóró kan tí wọ́n ń pè ní chlorine ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ yìí náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Belgium, ní oṣù kẹrin ọdún 1915, tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ogun. Inú ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń jó ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe da bílíìṣì pọ̀ mọ́ asíìdì kankan, ìbáà jẹ́ ti táìsì, ti fífọ ilé ìyàgbẹ́, fínígà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ má dà á síbi tí ìtọ̀ ènìyàn tàbí ti ẹran ọ̀sìn ti pọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ má sì rò pé bí ẹ bá lo ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì lójú kan náà ó ti yàtọ̀, bí omi kò bá tíì ṣan ti àkọ́kọ́ kúrò pátápátá. Asíìdì náà fúnra rẹ̀ kò wúlò fún ohun tí ọkọ yín fẹ́ ṣe: sìmẹ́ǹtì ló ń jẹ, ojú àgbàlá á wá di hánrahànra, ìdọ̀tí á sì túbọ̀ ráyè sá pamọ́ sí i. Bí ikọ́ náà kò bá tíì lọ, tàbí bí àyà bá ń fún un, kí ó lọ rí dókítà lónìí, kí ó sì sọ ohun tó fa á gan-an láìfi nǹkan kan pamọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún 1974 ni bàbá wa kọ́ ilé tí ìyá wa ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òrùlé rẹ̀ kì í ṣe páànù; ó nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ó rí kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ìgbì omi, ó sì ti dúdú pátápátá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní àwọn yóò gun òkè, àwọn yóò fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi òjò tí ìyá wa ń gbè sínú táńkì láti ara òrùlé yìí náà ni wọ́n fi ń fọṣọ. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn. – Àkọ́bí ọmọ, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe wá.

Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ló jọ ti asbestos, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ wa láàárín nǹkan bí ọdún 1960 sí 1990 ni wọ́n fi bò lórí, tí wọ́n sì tún fi ṣe àjà fún, nítorí pé kì í jóná, kì í dípẹtà, ilé kì í sì í móoru lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá fà á símú, kì í sì í jáde mọ́. Ó lè fa àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún tàbí ogójì ọdún kí àìsàn náà tó farahàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí irú asbestos kankan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní ọdún 1999.

Níwọ̀n ìgbà tí òrùlé náà kò bá fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ń di àwọn fọ́nrán náà mú. Ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi ni yóò tú wọn sílẹ̀. Yóò bó ojú òrùlé náà, yóò da ẹrẹ̀ rẹ̀ sára ògiri, sínú àgbàlá àti sí ilé aládùúgbò; nígbà tí ẹrẹ̀ náà bá gbẹ, yóò di eruku, ìyá wa yóò sì máa fi ìgbálẹ̀ gbá a ní àràárọ̀. Èyí ni mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú òrùlé bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì bí ẹ̀kúfọ́ àwo, ẹni tó bá sì dúró lé e lè já wọlé.

Dúdú ara rẹ̀ kò pa á lára. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí àyè bá gbà yín láti pààrọ̀ òrùlé náà, kí àwọn òṣìṣẹ́ fi omi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ rin ín kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n tú u ní odidi láìfi òòlù fọ́ ọ, kí wọ́n wọ ìbòmú tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn àyíká nípa ibi tó yẹ kí ẹ kó o lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà, tí àwọn ọmọ sì ń ṣeré lórí rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ní ti omi òjò, kí ìyá wa dáwọ́ gbígbè é lára òrùlé yìí dúró. Ẹ̀yin tí ilé yín jẹ́ ti páànù lásán tàbí alumíníọ́mù, tí ẹ sì ń gbè omi, kí ẹ yọ ojú páìpù kúrò lẹ́nu táńkì kí ẹ tó fọ òrùlé, kí ẹ sì jẹ́ kí òjò méjì tàbí mẹ́ta ṣan òrùlé náà kí ẹ tó dá a padà. Ẹ má ṣe lo bílíìṣì sí alumíníọ́mù, nítorí pé ó ń jẹ ẹ́. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kọ̀wé sí mi pé ẹ̀gbẹ́ kan ilé mi ti di àwọ̀ ewé, àti pé kí n fọ̀ ọ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Pátákó oníke ni wọ́n fi bo ara ilé náà. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi. – Ọmọ Èkìtì ní Houston

ÌDÁHÙN: Mo lè fi dá yín lójú pé ẹ̀gbẹ́ àríwá ni, nítorí pé lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá, apá àríwá kì í tètè gbẹ. Pátákó oníke náà wà ní ìtẹ̀léra bí ìpẹ́ ẹja, ẹnu ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọjú sílẹ̀. Bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀, tí ẹ tu omi sókè, ẹ̀yìn pátákó ni omi yóò gbà wọlé, igi inú ògiri yóò sì máa jẹrà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Omi ọṣẹ, bílíìṣì díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn àti họ́ọ̀sì tó. Bí ẹ bá fẹ́ lo ẹ̀rọ dandan, ẹ fi ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ jù lọ sí i, ẹ jìnnà, kí omi máa lọ tààrà tàbí kó máa dà wálẹ̀, kó má ṣe lọ sókè.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn bàbá ńlá wa wà lára àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé. Ilé tí wọ́n kọ́ sí Erékùṣù Èkó ṣì dúró, ó ní òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ yí ojú fèrèsé ká. A fẹ́ ṣe ìrántí ìyá wa àgbà, mọ̀lẹ́bí sì ti dáwó láti fi ẹ̀rọ fọ ilé náà kí a sì fi ọ̀dà elépo kùn ún. Mo ń ṣiyèméjì. – Ọmọ ilé, Èkó

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn pé ẹ ṣiyèméjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn kì í ṣe búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri wọn, ìrẹ́ tó wà lójú nìkan ló dáàbò bò wọ́n. Bí omi alágbára bá gba ojú sísán kan wọlé, amọ̀ inú yóò wú, yóò rọ̀, ìrẹ́ yóò sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà. Àwọn òdòdó ojú fèrèsé yín ni yóò kọ́kọ́ lọ. Irú ọnà bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ṣe sí Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ó sì ṣòro kí a tó rí ẹni tó lè fi ọwọ́ mọ irú rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn ní Erékùṣù Èkó, tó ti wà lára àwọn ilé ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Ti yín ṣì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ara yín bà á jẹ́.

Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ bí èyí tí a fi ń gbọn aṣọ òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbọn eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ rin kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ fún un dáadáa, kí ẹ máa fi nù ún ní ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan, kí omi má ṣe ṣàn lára rẹ̀. Yóò gbà yín ní ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí tó lè dáwó lè dá ọwọ́ pẹ̀lú. Ẹ jáwọ́ nínú ọ̀dà elépo: ògiri amọ̀ ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì ń tú u sílẹ̀ nípasẹ̀ ojú rẹ̀, ọ̀dà elépo yóò sì sé e mọ́ inú títí ògiri yóò fi jẹrà. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun tó ju nínù lọ, ẹ kàn sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ yín lè ní àwòṣe bí ọ̀kan bá bọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìyẹ̀fun funfun kan ń yọ ní ìsàlẹ̀ ògiri wa, ọ̀dà sì ń bó níbẹ̀. A ti fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ń padà wá. – Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Omi tí ẹ fi ń fọ̀ ọ́ ló ń bọ́ ọ. Iyọ̀ inú ilẹ̀ àti inú sìmẹ́ǹtì ni ìyẹ̀fun náà. Omi ilẹ̀ ló ń gùn ún wá sókè nínú ògiri, nígbà tí omi bá sì gbẹ tán, iyọ̀ á ṣẹ́ kù sójú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kí omi òjò má ṣe dúró lẹ́sẹ̀ ilé, ẹ má sì jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá ga débi tí yóò fi gun ara ògiri. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni kí ó yẹ ìpìlẹ̀ ilé wò, kì í ṣe ẹni tó ń fọ ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra ẹ̀rọ kan ní Adó-Èkìtì, mo fẹ́ fi fífọ àgbàlá àti ilé ṣe iṣẹ́ ṣe. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ní. – Ọ̀dọ́mọkùnrin, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, iṣẹ́ gidi ni o fẹ́ ṣe, àwọn ènìyàn sì nílò rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Má ṣe wọ sílípáàsì ṣiṣẹ́ yìí láé. Mo mọ ọmọ iṣẹ́ kan tí omi ẹ̀rọ kàn gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ihò tó dá síbẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ló bá fi aṣọ wé e, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú bí ìṣù, àwọn dókítà sì ní láti là á kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ náà gbà là, nítorí pé omi ìdọ̀tí ti wọ abẹ́ awọ jìnnà sí ojú ihò náà. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí o sì sọ fún wọn pé omi ẹ̀rọ ló wọ inú ara. Bàtà ìdáàbòbò tó le, ṣòkòtò gígùn àti gíláàsì ojú ni aṣọ iṣẹ́ rẹ. Má ṣe kọjú ẹnu ẹ̀rọ sí ènìyàn, kódà kó jẹ́ eré. Má sì ṣe dúró lórí àkàbà lò ó, nítorí pé ó máa ń tì ènìyàn sẹ́yìn bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀.

Wo àwọ̀ tó wà lára àwọn ẹnu tí wọ́n kó mọ́ ẹ̀rọ náà. Pupa ń tu omi ní ìlà kan ṣoṣo, ó lè gé igi. Fi í sílé. Nọ́ńbà tó wà fún àwọn yòókù ń sọ ìwọ̀n (dìgírì) tí omi fi ń fẹ̀ bó ṣe ń jáde: àwọ̀ ìyeyè jẹ́ 15, àwọ̀ ewé jẹ́ 25, funfun jẹ́ 40, dúdú sì wà fún ọṣẹ. Funfun àti àwọ̀ ewé ni wàá máa lò jù, kí ẹnu rẹ̀ sì jìnnà sí ohun tí ò ń fọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán. Ilẹ̀ kọnkéré ni ibi tí ẹ̀rọ yìí ti tayọ, pàápàá níbi tí àwọ̀ ewé ti ń mú kí àwọn àgbàlagbà yọ̀ ṣubú. Bí ó bá jẹ́ òkúta interlock, dá ọ̀pá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, má jẹ́ kí omi gún àárín òkúta méjì tààrà, nítorí pé yanrìn tó dè wọ́n yóò fò jáde. Kí o sì fi yanrìn gbígbẹ gbá sí àárín wọn padà nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ. Ojú ibi tí ọ́ìlì mọ́tò bá dà sí, lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì ni kí o kọ́kọ́ fi fà á, kí o wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí omi tó dé.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I better pass my neighbour kò lè gbé ẹ̀rọ oníná, tó sábà máa ń gba iná wáàtì 1,400 sí 2,000. Bí ẹ̀rọ tìrẹ bá jẹ́ elépo, ìta gbangba ni kí o gbé e sí, kì í ṣe gáréèjì tàbí abẹ́ àtẹ̀gùn, nítorí pé èéfín tó ń tú jáde ní afẹ́fẹ́ kan tí kò ní òórùn tó ń pa ènìyàn bí oorun. Má ṣe tan ẹ̀rọ náà láìsí omi nínú rẹ̀, kíá ni pọ́ǹpù rẹ̀ yóò jó. Ó ń mu lítà omi 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi dúrọ́ọ̀mù méjì ní wákàtí kan, nítorí náà béèrè ibi tí omi onílé ti ń wá kí o tó gbà iṣẹ́.

Ní ilé èyíkéyìí tí o bá dé, wo òrùlé àti ògiri bí mo ti ṣàlàyé fún àwọn tó ṣáájú rẹ nínú ojú ewé yìí, kí o sì ní ìgboyà láti sọ pé o kò ní fi ẹ̀rọ fọ ohun tí kò yẹ kí ẹ̀rọ kàn. Fọ ojú kékeré kan níbi kọ́lọ́fín kan ná. Kí onílé fúnra rẹ̀ wá wò ó nígbà tó bá gbẹ, nítorí pé ibi tó tutù máa ń tan ojú jẹ; ìgbà náà ni kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ iye owó.